Àánú Ilé Ẹjọ́ Ní Májẹ̀mú: Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ sí Ẹni Tó Rú Àdéhùn Ìtúsílẹ̀ Lábẹ́ Ìṣọ́

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ìlú, Ìkàrẹ́-Àkókó

  

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ lónìí jẹ mọ́ ọmọ tó ṣẹ̀, tí ilé ẹjọ́ rí ẹ̀rí pé ó ṣẹ̀ lóòótọ́, tí adájọ́ sì ní kó máa lọ sílé pẹ̀lú àdéhùn. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ti kóòtù dé, a máa ń pa adìẹ, a máa ń dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí, a ó ní Ọlọ́run ti gbà á. Kò burú láti dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà kò tíì parí. Ìtúsílẹ̀ lábẹ́ ìṣọ́, tí àwọn lọ́yà ń pè ní probation, dà bí ọjà àwìn: ẹrù ti wà nílé rẹ, àmọ́ orúkọ rẹ ṣì wà nínú ìwé ẹni tó tà á.

Ohun kan ṣoṣo ni mo wá sọ, gbogbo ìyókù àlàyé ni: ẹni tó bá rí i pé àdéhùn òun fẹ́ já, kó lọ bá kóòtù kí kóòtù tó wá a kàn.

Kí ni òfin ń pè ní ọ̀ràn ńlá?

Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù Nàìjíríà pín ọ̀ràn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀ràn ńlá, tí í ṣe felony, ni èyí tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 3 sókè. Èyí tí ìjìyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti oṣù 6 tí kò sì tó ọdún 3 ni ọ̀ràn àárín. Ìyókù jẹ́ ọ̀ràn wẹ́wẹ́.

Ẹ má rò pé apànìyàn àti adigunjalè nìkan ló wà nínú ọ̀ràn ńlá. Olè jíjà lásán wà níbẹ̀. Abala 390 nínú òfin náà sọ pé ọ̀ràn ńlá ni ẹni tó jalè dá, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 sì ni ìjìyà rẹ̀ bí òfin kò bá ti ya ìjìyà mìíràn sọ́tọ̀ fún irú olè tó jà. Abala yìí kan náà wá fi kún un pé bí ohun tó jí bá tó ₦1,000 sókè, ẹ̀wọ̀n náà lè di ọdún 7. Nígbà tí wọ́n kọ ₦1,000 sínú òfin, owó ńlá ni. Lónìí, adìẹ kan ṣoṣo lọ́jà Òṣèlè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ọmọ tó wọ abà alábà ní Ọ̀kà, tó jí iṣu mẹ́ta, ẹ̀wọ̀n ọdún méje ti ń dúró dè é kí ó tó dáná láti sun iṣu ọ̀hún. Abala 390 yìí sì ni ọlọ́pàá ń tọ́ka sí nínú Ìwé Òfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti 2006 bí wọ́n bá gbé olè lọ sí kóòtù.

Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹni tó dá ọ̀ràn ńlá, ẹ má wo ọ̀nà jíjìn. Ọmọ àdúgbò ni.

Ọ̀nà tí òfin fi sílẹ̀ fún àánú

Àánú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú òfin wa. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1945 ti fún adájọ́ láyè láti tú ẹni tó ṣẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ìṣọ́. Ní oṣù karùn-ún 2015, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, èyí tí a mọ̀ sí ACJA, fún àwọn kóòtù ìjọba àpapọ̀ àti Àbújá. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe tirẹ̀ ní ọdún yẹn kan náà. Nọ́ńbà abala ti ìjọba àpapọ̀ ni mo máa lò. Kí ẹni tó ní ẹjọ́ ní kóòtù níbí bi lọ́yà rẹ̀ léèrè èyí tó bá a mu nínú òfin Oǹdó.

Ọ̀nà kìíní wà ní abala 454. Bí ẹ̀rí bá ti fìdí múlẹ̀ pé ẹni náà ṣẹ̀, adájọ́ lè wo ìwà rẹ̀ àtẹ̀yìnwá, ọjọ́ orí rẹ̀, ìlera ara àti ọpọlọ rẹ̀, bí ọ̀ràn náà ṣe kéré tó, àti ohun tó sún un dé ibẹ̀. Bí ó bá rí i pé ìyà kọ́ ló yẹ, ó lè dá ẹjọ́ náà nù, tàbí kó tú u sílẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn, pẹ̀lú onígbọ̀wọ́ tàbí láìsí onígbọ̀wọ́, pé yóò hùwà rere, yóò sì padà wá bí kóòtù bá pè é láàárín àkókò tí kò ní ju ọdún 3 lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn: adájọ́ kò tíì kéde pé ó jẹ̀bi. Ó so ìdájọ́ rọ̀ ni.

Ọ̀nà kejì wà ní abala 460. Níbẹ̀, adájọ́ ti dá ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n ó ní kí ẹni náà má tíì lọ ṣe é, tàbí kó ní kó lọ ṣiṣẹ́ sin ìlú dípò ẹ̀wọ̀n: kó ro oko, kó gbá gọ́tà, kó tọ́jú ibi tí gbogbo ènìyàn ń lò. Iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ ju oṣù 6 lọ, wákàtí 5 lóòjọ́ sì ni ó pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ yín rántí ẹjọ́ òṣèré Funke Akindele àti ọkọ rẹ̀ ìgbà náà ní oṣù kẹrin 2020, nígbà ìséde kòrónà. Kóòtù májísíréètì l'Ógbà, l'Ékòó, ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san ₦100,000, kí wọ́n sì fi ọjọ́ 14 ṣiṣẹ́ sin ìlú nípa kíkọ́ àwọn aráàlú nípa àrùn náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì yìí ní ilẹ̀kùn. Kò sí fún ẹni tó lo ohun ìjà, kò sí fún ẹni tó fipá báni lò, kò sì sí fún ọ̀ràn tí ìjìyà rẹ̀ ju ẹ̀wọ̀n ọdún 3 lọ. Olè jíjà ọlọ́dún 3 lè wọlé. Olè tí iye ohun tó jí tó ₦1,000, tí ìjìyà rẹ̀ ti di ọdún 7, kò lè wọlé. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, abala 454 ló ṣẹ́kù, nítorí òfin kò ka iye ọdún níbẹ̀. Ènìyàn àti ìdí ọ̀ràn ló ń wò.

Ní 2019, òfin tó sọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n di iléeṣẹ́ àtúnṣe pín iṣẹ́ wọn sí méjì, ti àwọn tó wà nínú ọgbà àti ti àwọn tó ń ṣe ìjìyà láàárín ìlú. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà ní àhámọ́ ní Nàìjíríà ni wọn kò tíì gba ìdájọ́. Ní Àkókó, ẹni tí wọ́n bá rán lẹ́wọ̀n, ọgbà Ọ̀wọ̀ ni tàbí ti Olókùúta l'Ákùúrẹ́. Ìyá tó fẹ́ lọ wo ọmọ níbẹ̀, owó mọ́tò nìkan ti tó jẹ oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ tí wọ́n tẹ ìka

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Èmi ni mo dá a sílẹ̀, kì í ṣe ẹjọ́ ẹnikẹ́ni.

Lágbájá, ọmọ ọdún 19 láti Ìwárò-Ọ̀kà, jí iṣu nínú abà aládùúgbò. Kò ṣẹ̀ rí. Ó gbà pé òun ṣe é. Adájọ́ kọ àdéhùn márùn-ún sílẹ̀ fún ọdún méjì: kó máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, kó má mutí, kó má fagbó, kó máa yọjú sí òṣìṣẹ́ alábòójútó lóṣooṣù, kó sì san owó iṣu fún oníṣu.

Akọ̀wé kóòtù na ìwé sí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Obìnrin yìí ń ta gààrí, kò kàwé. Akọ̀wé ṣí páàdì íńkì, ó di àtàǹpàkò rẹ̀ mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ páàdì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ìwé, ó fún un ní ègé bébà kó fi nu ọwọ́. Obìnrin náà kúnlẹ̀: “Ẹ ṣé sà. Ọlọ́run á dá yín lọ́lá.” Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ka àdéhùn náà, ohun tó gbọ́ níbẹ̀ kò ju orúkọ ọmọ àti orúkọ ara rẹ̀ lọ.

Ibí yìí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Òfin ní kí kóòtù kọ àdéhùn náà fún ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lọ́nà tó rọrùn láti yé e. Abala 36 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 sì fún ẹni tó ń jẹ́jọ́ ọ̀daràn ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìsanwó bí kò bá gbọ́ èdè tí kóòtù ń sọ. Ní Àkókó tiwa, tí ìlú kan kì í gbọ́ èdè ìlú kejì dáadáa, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tẹ ìka sí ohun tí kò yé e.

Bí àdéhùn bá já

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn ìtúsílẹ̀ náà, oníṣu bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó rẹ̀. Lágbájá kò rí iṣẹ́ ní Ìkàrẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pè é láti Èkó pé wọ́n ń wá alágbàṣe fún àwọn bíríkìlà. Ó wọ mọ́tò, ó lọ. Ọkàn rere ló fi lọ, owó iṣu ló fẹ́ wá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó sun Èkó láìgbàṣẹ, ó ti rú àdéhùn ibùgbé; nígbà tí oṣù sì yí po tí kò yọjú, ó ti rú òmíràn.

Kí ni kóòtù yóò ṣe? Abala 459 là á kalẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ búra níwájú kóòtù pé ọmọ yìí kò pa àdéhùn mọ́. Òfófó ojú títì kò tó. Bí adájọ́ bá gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ó lè pàṣẹ pé kí ọlọ́pàá mú un, tàbí kó fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí òun àti onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá mú un l'Ékòó, kóòtù tó wà lọ́hùn-ún kò lè dá ẹjọ́ iṣu Ọ̀kà. Ohun tó lè ṣe ni kó fi í sí àhámọ́ tàbí kó fún un ní béèlì títí wọn yóò fi mú un padà sí kóòtù tó tú u sílẹ̀.

Tó bá dé Ìkàrẹ́, ẹ gbọ́ ohun tó yẹ kó bà wá lẹ́rù. Adájọ́ kò ní pe oníṣu mọ́, kò ní béèrè ta ló rí i nínú abà. Bí ó bá ti dá a lójú pé àdéhùn ti já, òfin fún un lágbára láti dá a lẹ́bi olè àkọ́kọ́ yẹn, kó sì rán an lẹ́wọ̀n fún un, láìwá ẹ̀rí tuntun kankan. Ẹ̀bi tí wọ́n ti so rọ̀ ló já bọ́ lé e lórí.

Ti iṣẹ́ ìsìnlú fara jọ ọ́: ẹni tó bá sá níbi iṣẹ́ lè fi ẹ̀wọ̀n parí ohun tó kù. Onígbọ̀wọ́ rẹ̀, bí kò bá lè mú un wá, lè san ìtanràn ₦100,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, òfin kò de adájọ́ lọ́wọ́. Kò ní kó rán gbogbo ẹni tó rú àdéhùn lẹ́wọ̀n dandan. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ọmọ náà, ọmọ náà sì lè mú lọ́yà dání, nítorí agbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dájọ́, òṣìkà ni. Òfin tún ti ṣí ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ ṣáájú: abala 458 gba kóòtù láyè láti yí àdéhùn padà. Ká ní ẹ̀gbọ́n ìyá Lágbájá ti mú un lọ bá alábòójútó kó tó wọ mọ́tò, kí wọ́n ní, “Iṣẹ́ ti yọ l'Ékòó, ẹ jẹ́ kó lọ, àdírẹ́sì ibi tó máa gbé rèé,” ọ̀rọ̀ ì bá ti yàtọ̀. Iṣẹ́ alábòójútó kì í ṣe fífojú ọdẹ wo ọmọ nìkan. Òfin ní kó gbà á nímọ̀ràn, kó ràn án lọ́wọ́, kó bá a ṣọ̀rẹ́, kó tilẹ̀ bá a wáṣẹ́ bó bá yẹ.

Kò lè san, àbí kò fẹ́ san?

Ọ̀rọ̀ owó ló ń já àdéhùn jù fún tálákà. Ẹ jẹ́ kí n gba Amẹ́ríkà kọjá díẹ̀, nítorí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ́hùn-ún ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Bearden v. Georgia, ní 1983.

Ọkùnrin kan ní ìpínlẹ̀ Georgia jẹ̀bi fífọ́lé àti gbígba ẹrù olè. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, kóòtù kò sì kọ ìdálẹ́bi sílẹ̀. Wọ́n fi í sábẹ́ ìṣọ́ ọdún 3, wọ́n ní kó san $750, ìtanràn àti owó gbà-máà-bínú. Ó yá $200 lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, ó san án. $550 ló kù, láàárín oṣù mẹ́rin. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, ilé iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ dá a dúró. Kò mọ̀wé kà. Ó wáṣẹ́ títí, kò rí. Kí owó náà tó pé, ó sọ fún ọ́fíìsì alábòójútó pé òun yóò pẹ́ díẹ̀. Síbẹ̀ kóòtù fagi lé ìtúsílẹ̀ rẹ̀, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kò tọ́. Wọ́n ní kóòtù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí ìdí tí kò fi san. Bí ó bá lówó tó fi owó pamọ́, tàbí tí kò sapá láti wá a, kóòtù lè rán an lẹ́wọ̀n. Bí ó bá ti sapá tí kò rí i, kí kóòtù wá ìjìyà mìíràn kó tó ronú kan ẹ̀wọ̀n. Ṣáájú èyí, ní 1973, nínú Gagnon v. Scarpelli, ilé ẹjọ́ yẹn kan náà ti sọ pé wọn kò gbọdọ̀ fagi lé ìtúsílẹ̀ ẹnikẹ́ni láì jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀.

Ìdájọ́ Amẹ́ríkà kò de kóòtù tiwa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn dára púpọ̀: kò lè san ni, àbí kò fẹ́ san? Mo rọ ẹ̀yin adájọ́ wa ní Àkókó kí ẹ máa bi ín. Mo sì rọ ẹ̀yin ẹbí kí ẹ má dúró de ìbéèrè. Bí owó kò bá pé, ẹ gbé èyí tó wà lọ́wọ́ lọ, kí ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì ṣàlàyé.

Àwọn ọmọ wa lẹ́yìn odi

Kò sí agbo ilé kan níbí tí kò lọ́mọ ní Houston, ní Baltimore tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ló wà lábẹ́ ìṣọ́ kóòtù. Ní Texas, adájọ́ lè dá ìdálẹ́bi dúró fún ẹni tó gba ẹ̀bi, kí ó fi í sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún tó lè tó 10 fún ọ̀ràn ńlá. Bó bá rú àdéhùn, adájọ́ nìkan ló máa gbọ́ ẹjọ́ náà, kò sí àwọn ará ìlú tí wọ́n ń pè ní jury. Ẹ̀rí tí kóòtù ń béèrè kéré sí ti ẹjọ́ àkọ́kọ́: kó ṣáà jọ òótọ́ ju irọ́ lọ. Gbogbo ìjìyà tí òfin kọ fún ọ̀ràn náà ló sì ṣí sílẹ̀ fún adájọ́. Òfin ìwọ̀lú wọn tún ń ka irú ìtúsílẹ̀ yẹn sí ìdálẹ́bi bí ẹni náà bá ti gba ẹ̀bi. Ọmọ tí kò tíì di ọmọ ìlú lọ́hùn-ún lè tipa bẹ́ẹ̀ rí ara rẹ̀ nínú bàálù padà sí Nàìjíríà. Bí ẹ bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún un kó bá lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú sọ̀rọ̀ kó tó gba ẹ̀bi kankan.

Ẹjọ́ olórin Meek Mill ní Philadelphia fi hàn bí ìṣọ́ ṣe lè pẹ́ lórí ènìyàn. Ẹjọ́ 2008 ló ṣì ń lé e kiri ní 2017, tí adájọ́ fi rán an lẹ́wọ̀n ọdún 2 sí 4 nítorí àdéhùn tó rú. Ó jáde ní oṣù kẹrin 2018. Ní 2019, ilé ẹjọ́ gíga wọ́gi lé ìdálẹ́bi àkọ́kọ́ yẹn. Ní oṣù kejìlá 2023, ìpínlẹ̀ Pennsylvania ṣe òfin tuntun láti dín irú ìṣọ́ tí kò lópin yìí kù.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Kì í ṣe ìjọba ló dá ìtúsílẹ̀ lábẹ́ ìṣọ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Oníṣọnà bàtà kan, John Augustus, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Boston ní 1841. Ó dúró fún ọ̀mùtí kan ní kóòtù, ó mú un lọ, ó ṣọ́ ọ, ó sì mú un padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ojú rẹ̀ ti dá. Adájọ́ fi ọ̀mùtí náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìtanràn sẹ́ǹtì kan. Kí Augustus tó kú ní 1859, ó ti ṣe onígbọ̀wọ́ fún nǹkan bí 2,000 ènìyàn. Lórí irú onígbọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ètò yìí dúró: ẹni tó tẹ ìka, tó sì tún lọ ń wo ẹni tó tẹ ìka fún.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta. Sí àwọn aṣòfin wa l'Ákùúrẹ́: ẹ gbé abala 390 yẹ̀ wò, kí iye owó inú rẹ̀ bá ọjà òde òní mu, kí ọmọ tó jí iṣu má máa ru ìyà ẹni tó kó owó ìlú. Sí ẹ̀yin òṣìṣẹ́ kóòtù: ẹ ka àdéhùn ní èdè tí ẹlẹ́jọ́ àti onígbọ̀wọ́ gbọ́, kí ẹ ní kí wọ́n fẹnu ara wọn tún un sọ kí ẹ tó ṣí páàdì íńkì.

Sí ẹ̀yin ẹbí, bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n: bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún yẹn ní iṣẹ́ láti ṣe. Ẹ mọ iye àdéhùn tó wà nínú ìwé. Ẹ mọ ọjọ́ tó yẹ kó yọjú, kí ẹ sì bá a lọ. Bí iṣẹ́ bá bọ́, bí àìsàn bá dé, bí ọ̀nà àjìn bá yọ, ẹ lọ sọ ọ́ ní kóòtù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sì ṣe onígbọ̀wọ́ fún ọmọ tí ẹ mọ̀ pé ẹ kò ní ráyè bẹ̀ wò.